Orúkọ Ìyá Arúgbó Nínú Ìwé Ìtọ́kasí

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìtọ́kasí ni mo fẹ́ sọ, àwọn kan nínú yín yóò ṣí ojú-ewé yìí kọjá kíá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Èmi náà ti rò ó rí pé ìwé ìtọ́kasí kò ju ìrù iṣẹ́ lọ, ohun tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ kí olùkọ́ má baà gé máàkì wa. Ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀wé ni ó là mí lójú.

Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọjà Kpata, létí Odò Ọya, ni mo gbé dàgbà, láàárín Haúsá, Nupé àti Ìgbìrà. Nígbà tí mo dé kíláàsì Yorùbá, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn a máa fi ohùn mi ṣẹ̀rín. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn púpọ̀ nígbà tí olùkọ́ mi ní kí n wá bá àwọn ṣa òwe Ọ̀wọ́rọ̀ jọ, pé a ó kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí fún jọ́nà kan. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ni ọmọ Yorùbá tí ó ti wà ní agbègbè yìí kí àwọn òbí mi tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìyá arúgbó Ọ̀wọ́rọ̀ kan, oníbàárà ìyá mi ní ìsọ̀ ẹja, ni ó fún wa ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwe náà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni a fi jókòó tì wọ́n. Nígbà tí a fẹ́ dìde, wọ́n bi olùkọ́ mi pé, "Ìwé tí ẹ fẹ́ kọ yìí, ṣé orúkọ mi yóò wà níbẹ̀?" Olùkọ́ mi ní yóò wà. Etí mi báyìí ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olóòtú jọ́nà dá iṣẹ́ padà. Ó ní iṣẹ́ dára, àmọ́ ìwé ìtọ́kasí rẹ̀ kò bá ìlànà mu, kí a tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo to ìwé ìtọ́kasí náà, nítorí náà èmi ni olùkọ́ mi kó o lé lọ́wọ́.

Àṣìṣe mi pọ̀. A ti ṣe fọ́tòkọ́pì orí kan nínú ìwé kan láìṣe ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, a kò sì mọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ilé ìkàwé ni mo padà sí fún odidi ọjọ́ méjì nítorí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ máa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tòkọ́pì yín, ẹ̀yin ará! Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ to orúkọ bí ó ti wù ú. Ó fi Gbádàmọ́sí ṣáájú Gíwá, nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé lẹ́yìn G ni GB ń bọ̀ nínú a-b-d tiwa. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín O àti Ọ. Mo tún un tò lọ́wọ́.

Àṣìṣe tí olóòtú fi bíírò pupa yí ká ni ti Àjàyí. Mo kọ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ti 1852, èyí tí òwe kún inú rẹ̀, sí orúkọ "Àjàyí, S. C." Olóòtú ní Crowther ni kí n fi ṣáájú, àti pé bí mo ti ṣe é yìí, òǹkàwé yóò rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìtàn nì, J. F. Ade Ajayi, tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1965, ni mò ń wí. Òótọ́ ni. Àjàyí ni orúkọ ìdílé ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ti bíṣọ́ọ̀bù, orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ni, torí ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Samuel Crowther wá ńkọ́? Orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825. Mo ṣe é bí olóòtú ti wí, mo kọ "Crowther, S. A." Orúkọ àlejò wá gba iwájú, Àjàyí sì di lẹ́tà kan péré. Ọkùnrin tí ó bá ọkọ̀ ojú omi 1841 gun Odò Ọya dé ìpàdé odò wa níhìn-ín! Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára ìwé ni òfin wí pé kí a kọ.

Ti Johnson náà mú mi ronú. Báwo ni ẹni tí ó kú ní 1901 ṣe kọ ìwé ní 1921? Olùkọ́ mi ṣàlàyé pé Samuel Johnson ti parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àjákù àkọsílẹ̀ tún un kọ. Nínú ìwé ìtọ́kasí tèmi, n kò dárúkọ Obadiah rárá. Mo fi í sí i gẹ́gẹ́ bí olóòtú.

Nígbà náà ni mo dé ọ̀dọ̀ ìyá wa. Ìlànà APA ti Amẹ́ríkà ni jọ́nà náà ń lò. Ìlànà yìí sọ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá bá ni sọ lẹ́nu kì í wọ ìwé ìtọ́kasí, pé àárín àpilẹ̀kọ nìkan ni kí a ti dárúkọ onítọ̀hún nínú àkámọ́, nítorí òǹkàwé kò lè rí ọ̀rọ̀ náà wá kàn. Ìlànà MLA gbà á, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ní kí a lò. Mo wo ìwé ìtọ́kasí náà títí: òyìnbó wà níbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ni òwe kò sí níbẹ̀.

Olùkọ́ mi ní kí a kọ̀wé sí olóòtú. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a fi ìlà kan sí ẹ̀yìn ìwé ìtọ́kasí fún àwọn abẹ́nà ìmọ̀, bí a ti máa ń ṣe nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ìlú, ọjọ́ tí a bá wọn sọ̀rọ̀. Olóòtú gbà. Mo jókòó láti kọ orúkọ ìyá, mo bá há. Èwo ni kí ó ṣáájú? Ti ọkọ wọn tí ó ti kú tipẹ́? Ti bàbá wọn? Gbogbo ọjà ń fi orúkọ àkọ́bí wọn pè wọ́n. Mo lọ bi wọ́n léèrè.

Mo kọ́kọ́ kà á sí wọn létí bí ìlànà ti wí, orúkọ ọkọ, kọ́mà, lẹ́tà kan. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo tún un kà bí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ gan-an, láti orí orúkọ àbísọ dé ti bàbá wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un kà fún ọmọbìnrin tí ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ó ti wà nìyẹn ni mo kọ ọ́, láìgé e kúrú. N kò kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí ti jọ́nà ni wọ́n fún mi láyè fún.

Jọ́nà náà kò tíì jáde. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá ń bi ìyá mi bóyá ìwé ti dé.