Kóńgò Kì í Ṣe Dẹ́ríkà

Gààrí títà ni ìyá mi fi tọ́ wa. Ẹni tó bá ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Kóńgò ni àbí dẹ́ríkà?" Ìbéèrè yẹn náà ni mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kọ̀ǹpútà bá ti gbé nọ́ńbà jáde fún wọn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi fídíò àwọn òṣèré tó ṣe bí aláìsàn tí àyà ń dùn han dókítà 720. Ta ni wọn yóò rán lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn? Nínú 100 aláwọ̀ funfun, wọ́n rán nǹkan bíi 91. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, nǹkan bíi 85. Odds ratio 0.6 ni ìwádìí náà kọ. Àwọn oníròyìn sì ń ké e kiri pé àǹfààní aláwọ̀ dúdú fi ìdá 40 nínú 100 dín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ fi 91 pín 85, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.93; èyí ni wọ́n ń pè ní risk ratio. Ìdá 7 nínú 100 ló dín, kì í ṣe 40. Ti odds yàtọ̀: àwọn tí wọn kò rán ni à ń fi pín àwọn tí wọ́n rán. A fi 9 pín 91, ó lé ní 10. A fi 15 pín 85, kò tó 6. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti èkejì, ibẹ̀ ni 0.6 ti wá. Bí ohun tí à ń kà bá ṣọ̀wọ́n, òṣùwọ̀n méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá wọ́pọ̀ báyìí, wọ́n á jìnnà síra. Àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Lisa Schwartz, Steven Woloshin àti Gilbert Welch, ṣàlàyé àṣìṣe yìí lọ́dún yẹn náà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ojúsàájú hàn nínú ìwádìí náà lóòótọ́: nínú 100 obìnrin aláwọ̀ dúdú, nǹkan bíi 79 péré ni wọ́n rán. Àbùmọ́ a máa ba ẹjọ́ ẹni tó jàre jẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní log-binomial ń fúnni ní risk ratio gan-an. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò rí ìdáhùn, ọ̀nà Poisson tí Guangyong Zou ṣàlàyé ní 2004 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ìpín kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye ènìyàn sílẹ̀: 91 àti 85. Ẹni tó bá rí méjèèjì kò ní ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.