Kóńgò Ìrẹsì àti Orúkọ Ọlọ́run

Ọjà Rally Time,
Monrovia,
Làìbéríà.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò,

Ẹni tó bá kọ orúkọ Ọlọ́run sára ìsọ̀ ti fi Ọlọ́run ṣe onígbọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bí ọjà bá dára, ògo di ti Olúwa. Bí ó bá lábùkù, onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò mú. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ẹbí gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ “Ògo Olúwa” sára ìsọ̀ ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ ṣí n'Íbàdàn.

Ife ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ní ọjà Rally Time. Oníbàárà kì í tẹjú mọ́ pátákó. Ife ló ń wò, àti ọwọ́ tó ń bu ìrẹsì sí i. Ohun kan náà ni kóńgò n'Íbàdàn, níbi tí àwọn kan ti ń lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ó má baà gba ọjà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orúkọ Ọlọ́run. Ìkànìyàn ọdún 2008 ní Làìbéríà fi hàn pé Kristẹni jẹ́ ìdá 85.6 nínú ọgọ́rùn-ún, Mùsùlùmí sì jẹ́ ìdá 12.2. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, orúkọ Jésù kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìwà tó bá orúkọ náà mu ni àwọn tí kò sí nínú ìjọ ń wá, nítorí òun nìkan ni Bíbélì tí wọ́n ń kà. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ kì í dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. “Àwọn onígbàgbọ́” ni yóò sọ.

Ìwé Mímọ́ kò ya ọ̀rọ̀ kóńgò sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọsìn. Orí kan náà, Léfítíkù 19, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ba orúkọ Ọlọ́run jẹ́ nípa ìbúra èké ló ní kí òṣùwọ̀n jẹ́ òtítọ́. Ní Róòmù 2, Pọ́ọ̀lù bá àwọn tó ń kọ́ ẹlòmíràn ní òfin wí, torí pé ìwà tiwọn ló ń mú kí àwọn kèfèrí máa gan Ọlọ́run.

Làìbéríà ti rí irú ìwà tó ń gbé orúkọ náà ga. William Wadé Harris, ọmọ Grebo, kúrò níbẹ̀ lọ sí Ivory Coast ní 1913, pẹ̀lú aṣọ funfun, ọ̀pá àgbélébùú, Bíbélì àti igbá omi. Kò gba owó fún ìrìbọmi. Nígbà tí àwọn Faransé tó ń ṣàkóso ibẹ̀ fi máa lé e jáde, ó ti ṣèrìbọmi fún ènìyàn tó lé ní 100,000. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì dé ibẹ̀ ní 1924, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ìjọ tó ṣì ń dúró de olùkọ́.

Nígbà ogun abẹ́lé, Leymah Gbowee, ọmọ ìjọ Lutheran, kó àwọn obìnrin jọ láti gbàdúrà fún àlàáfíà. Asatu Bah Kenneth, Mùsùlùmí tó jẹ́ ọlọ́pàá, wá sí ìpàdé wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní àwọn obìnrin Mùsùlùmí náà yóò dìde. Ní 2003, Kristẹni àti Mùsùlùmí jọ jókòó lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, nínú oòrùn àti òjò. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn tó ń bá ara wọn jà fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Accra.

Nítorí náà, kí ìwà gbé orúkọ náà ga n'Íbàdàn pẹ̀lú: kí kóńgò ìsọ̀ náà jẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Kí wọ́n má da ìrẹsì àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, kí gbèsè tí wọ́n bá jẹ àwọn tó ń kó ọjà wá má sì kọjá ọjọ́ àdéhùn. Bí àṣìṣe bá wáyé, kí wọ́n ṣe bíi Sákéù, ẹni tó ní òun yóò dá ohun tí òun bá fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìwà lẹ̀sìn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹbí wo ìdí kóńgò kí wọ́n tó pe ẹni tí yóò kun pátákó.

Èmi ni,
Ọmọ yín ní Monrovia.