Ariwo Abẹ́ Ọkọ̀

Ní sáà kejì ọdún 2023, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ìwé wa tí kì í mọ ìgbà tí mo bá dé. Láti ìkóríta ni wọ́n ti ń gbọ́ bí ọkọ̀ mi ṣe ń bú ramúramù bíi kìnnìún. Kí n tó dé ẹnu géètì, gbogbo kíláàsì á ti pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ pé Mólúè ni wọ́n ń pè é. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi rà á, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti lu.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni a ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní kí àwọn ọmọ SS 2 bá mi wá orúkọ Yorùbá fún sàlẹ́ńsà. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, “Mà, apariwo ni.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n inú rẹ̀ kò burú. Bí a bá pa iná, iná á kú. Bí a bá pa ẹran, ẹran á kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa ariwo ni ó dá ariwo sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pa òwe, tí ó pa àlọ́ tàbí tí ó pa irọ́. Èdè wa ní irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wá mú “adínariwokù” wá, a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan lẹ́bàá títì ní Mafolúkù. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi irin pẹlẹbẹ kan dí ojú ihò náà, ó jó o mọ́ ọn, ariwo sì lọ sílẹ̀. “Mọ́mì, ó ti parí.” Mo sanwó, mo sì dúpẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo rò pé ìwé ìdánwò tí mo ń máàkì ló fà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Òṣòdì. A ti gíláàsì, a tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ mi obìnrin tí ó jókòó sẹ́yìn ní òòyì ń kọ́ òun, ó sì bì. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fura.

Ọ̀dọ̀ Bàbá mẹkáníìkì kan nítòsí Ìyànà Ìsọlọ̀ ni ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ lọ, bí kì í bá ṣe pé mo ń ṣọ́wó ná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tan án, kí ó sì fi àkísà dí ẹnu páìpù ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń da omi ọṣẹ sí oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan èyí tí ó wà lábẹ́ ìjókòó mi gan-an, ọṣẹ ń hó yèè.

“Tíṣà, ẹ wò ó. Ibi tí ó ń pariwo ni wọ́n dí. Ibi tí ó lè pa yín ṣì wà níbẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti yé mi. Sàlẹ́ńsà kì í ṣe agolo òfìfo. Yàrá kéékèèké àti páìpù oníhò wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá wọ ibẹ̀, á lu ògiri, á padà sẹ́yìn, á kọlu èyí tí ó ń bọ̀, àwọn méjèèjì á sì sọ ara wọn di aláìlágbára. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn páìpù rẹ̀ tún ní iṣẹ́ mìíràn: láti gbé èéfín kọjá lábẹ́ wa títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀jẹ̀ wa sì ń dì mọ́ ọn ju bí ó ti ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Òun náà ni ó ń pa àwọn ìdílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sùn.

Mo bi Bàbá pé kí ló mú irin tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ dípẹtà. Ó ní omi ni. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí ọkọ̀ bá jó máa ń mú omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan jáde gẹ́gẹ́ bí oruku. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, ooru á gbé omi náà lọ. Ṣùgbọ́n láti ilé mi ní Ìsọlọ̀ sí ilé-ìwé kò jìnnà. Omi á dúró sí ìsàlẹ̀ sàlẹ́ńsà, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Rọ́bà tí ó gbé e kọ́ sì ti já, jíjì tí ó ń jì ni ó sán oríkèé ọ̀hún.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ra irin àlòkù yà sọ́dọ̀ wa. Ó nàka sí wúuwu kan tí ó wà ṣáájú sàlẹ́ńsà. Catalyst ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun yóò rà á, kí a sì fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Owó tí ó pè tó ra sàlẹ́ńsà, yóò sì ṣẹ́kù. N kò ní purọ́, mo wo owó náà. Platinum, palladium àti rhodium tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri, àwọn náà ni wọ́n sì ń sọ púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ olóró yẹn di èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jáde. Láti ọdún 1975 ni ó ti wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí ń ta gàlà àti omi tútù láàárín ọkọ̀ ní Òṣòdì ni ó wá sí mi lọ́kàn. Láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn páìpù wa ni wọ́n ń dúró. Mo ní n kò tà.

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni a ti ra sàlẹ́ńsà tòkunbọ̀. Bàbá mi àkọ́kọ́ létí, ó dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ní inú rẹ̀ ti wó. Ẹ̀kẹta ni a gbà. Kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án, Bàbá tú wáyà bátìrì, kí iná má baà ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Wọ́n pààrọ̀ oríkèé tí ó sán àti rọ́bà, wọ́n sì tún da omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìjó. Kò hó mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ ọgbà ilé-ìwé, kò sí ẹni tí ó gbọ́. SS 2 ń pariwo bí ọjà. Mo wọlé lójijì, wọ́n sá sí ìjókòó wọn. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé sí ibi tí a kọ adínariwokù sí, kí wọ́n fi igi fà á: orúkọ náà kò sọ ti èéfín. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn tún ti nawọ́.