Ta Ló Ń Tọ́jú Ìyá Tó Ń Tọ́jú Ọmọ?

Bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ alẹ́ nínú ilé kan ní Òkìtìpupa, ẹ kàn wo ẹni tí yóò jẹ kẹ́yìn. Baálé ilé á jẹ, àwọn ọmọ á jẹ, àlejò tó bá yà á jẹ. Ìyá àwọn ọmọ ni yóò ha ìdí ìkòkò. Ẹja tó bá ṣẹ́ kù, ìyẹn bí ó bá ṣẹ́ kù, ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ni ọmọ ń mu ọmú lára rẹ̀, òun ló ru igbá lọ sọ́jà láàárọ̀, òun náà ni yóò jí lóru bí ọmọ bá ké. Wọ́n á ní obìnrin rere ni. Ó dáa. Obìnrin rere tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pupuru, nítorí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin Ìkálẹ̀ fi ń tọ́ ọmọ nìyẹn, láti Ìkòyà títí dé Òde-Ìrèlè. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Wọ́n á wa ẹ̀gẹ́ lóko, wọ́n á rù ú wálé, wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó rọ̀. Wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ọ́n roboto bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ lókè iná. Iná yìí kì í sì í ṣe iná wákàtí kan o. Igi ń jó, èéfín ń rú, ojú ń ṣomi. Bí ó bá gbẹ tán, wọ́n á ha èèpo dúdú ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ wà lẹ́yìn.

Èéfín tí ìyá ń fà símú náà ni ọmọ ń fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín igi, èédú àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń dáná nínú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó lé ní 237,000 sì wà lára wọn. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni pa pupuru tì. Kí ni wọn yóò fi san owó iléèwé? Ohun tó ní ni pé kí pẹpẹ wà níta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí igi gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kì í bọ iná, kí ọmọ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ á dé pẹ̀lú ẹrù. Òun ni yóò máa wẹ ọmọ, òun ni yóò máa gbé omi gbígbóná kaná fún ìyá ọmọ, tí kò ní jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lónìí, ìyá náà ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà, àbúrò ti lọ sí Èkó, ìyá ọkọ ń wá owó oògùn ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ pé, wọ́n sọmọ lórúkọ, wọ́n jó, wọ́n mu ògógóró, kálukú lọ sílé rẹ̀. Ó ku ìyá ọmọ àti àwo tí wọn kò fọ̀.

Ìjọba náà gbìyànjú. Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò wà lórí àlééfà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n dá ètò Àbíyè sílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọsibítù ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ obìnrin dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn sí Ìkálẹ̀, ìgbà tí ọmọ bá sì ti bọ́ sílẹ̀ láyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé iṣẹ́ parí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò parí: kí wọ́n yẹ ìyá àti ọmọ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò ní bí ọjọ́ kẹta, láàrin ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìyá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n. Kí ìyá ọmọ lanu béèrè pé kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ òun àti ìfúnpá òun náà. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́mísì ìdí òpópó. Ọsibítù ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ti ọkàn tún wà níbẹ̀. Gbogbo Yorùbá mọ àbísínwín, èyí tí obìnrin á bímọ tán tí á máa sọ ìsọkúsọ, tí á fẹ́ sá jáde. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni ti obìnrin tí kò sínwín rárá, tó ń dáná, tó ń tajà, àmọ́ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnídìí, tí kò rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí kò fẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé orogún ló ń ṣe é. Irọ́ ni, àìsàn ni. Nínú obìnrin ọgọ́rùn-ún tó bímọ láwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bí ogún ni ó ń ṣe. Ó sì ní ìtọ́jú. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí Arọ́ ká ní Abẹ́òkúta, nítorí ó mọ̀ pé ojúlùmọ̀ tó jókòó tini wà lára oògùn.

Ọkọ ńkọ́? Ọkùnrin tó lè bẹ́ ẹ̀gẹ́ lè pọnmi, ó sì lè gbé ọmọ ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ jàre. Kí ó fara mọ́ ọn bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ọmọ sí ọmọ lááyè, ó kéré tán ọdún méjì kí oyún mìíràn tó dé. Kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ẹja tí àwọn Ìlàjẹ ń gbé wá sí abọ́ ìyá ọmọ, nítorí pupuru nìkan kì í dá ẹ̀jẹ̀ padà.

Àáró tí àwọn bàbá fi ń ṣán oko, àwọn ìyá lè fi ṣe ti ọmọ. Bí obìnrin mẹ́rin bá jọ ń yan pupuru ní agboolé kan, kí ẹnì kan jókòó ti gbogbo ọmọ lónìí níbi tí èéfín kò dé, kí ẹlòmíràn jókòó lọ́la. Ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ẹ̀yìn kálukú yóò ṣófo. Kí wọ́n sì rí i pé ẹni tó jókòó ti ọmọ gba ìpín pupuru tirẹ̀ pé, láìyọ ẹyọ kan.