Àlejò Tí Ó Mọ Ìwà Hù

Láti kékeré ni wọ́n ti fi Ikú hàn wá gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tí ó gbé kùmọ̀ lọ́wọ́, ògúnná gbòǹgbò láàrin àwọn ajogun, ẹni tí kì í gbẹ̀bẹ̀, tí kì í sì í mọ ojú olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Ìdí sì nìyí tí àwọn baba wa fi ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Ikúmápàyí, tí ó sì fi jẹ́ pé, nígbà tí a bá ń kí Aláàfin Ọ̀yọ́ tẹ̀rùtẹ̀rù, Ikú Bàbá Yèyé ni a ń pè é.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà, ìmàle paraku, kò mọ Ikú bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Màláíkà Ikú, tí Àlùkùránì dárúkọ nínú súrà 32, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní Asíráílù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yìí kò sí nínú Àlùkùránì rárá. Lójú tirẹ̀, ìránṣẹ́ ni, ẹni tí a rán ní iṣẹ́ ẹrú tí ó sì fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó máa ń sọ hádíìsì tí a gbà lẹ́nu Bara' ọmọ Azib, pé bí onígbàgbọ́ rere bá ń kú lọ, àwọn màláíkà tí ojú wọn ń tàn bí oòrùn yóò sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú àti lọ́fínńdà Àlùjánnà, wọn yóò jókòó lọ títí dé ibi tí ojú rẹ̀ lè rí mọ, nígbà náà ni Màláíkà Ikú yóò wá jókòó níbi orí rẹ̀, tí yóò rọra pe ẹ̀mí náà jáde sínú àforíjì Olúwa rẹ̀, ẹ̀mí yóò sì jáde wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀kán omi ti ń kán lẹ́nu ìgò awọ.

Mo bi í pé súrà 79 ńkọ́, tí ó kọ́kọ́ fi àwọn tí ń fa ẹ̀mí yọ tipátipá búra. Ó ní ìyẹn kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́, ọwọ́ ẹni tí a rán an sí ni ó wà.

Ìtàn tí ó fẹ́ràn jù ni ti Ànábì Músá, tí ó gbá màláíkà náà lójú tí ojú kan fi fọ́. Ọlọ́run wo ojú náà sàn, ó sì rán an padà pé kí Músá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn akọ màlúù, iye irun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bò ni iye ọdún tí yóò lò sí i. Músá ní lẹ́yìn náà ńkọ́? A ní ikú ni. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó kúkú jẹ́ nísinsìnyí. Ìyá àgbà a máa rẹ́rìn-ín sí ti ojú fífọ́ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni pé ẹni tí a lù padà wá, kò sì di kùnrùngbùn.

Nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àáfà ń ka Yáàsínì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, mo fa àpótí sún mọ́ ìrọ̀rí rẹ̀ kí n lè máa fi omi rin ín létè. Ó lajú, ó wò mí bí ẹni tí ó bá ọmọdé lórí ìjókòó àgbà.

“Dìde níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹnìkan ló ni ibẹ̀ yẹn.”

Mo gbé àpótí mi lọ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.