Ilé Ẹjọ́ Tí Kò Fi Ìtìjú Rẹ̀ Pamọ́

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, kóòtù tí mo sì ti wọ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n èyí tí ara mi gbọ̀n nínú rẹ̀ jìnnà sílé. Sumner ni ó wà, ìlú kékeré kan ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́hùn-ún ló fi mọ́tò gbé mi débẹ̀.

"Wọlé, àbúrò," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tìrẹ náà wà níbí."

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, Emmett Till, ọmọ ọdún 14, ti Chicago wá kí ẹbí ìyá rẹ̀ ní Mississippi. Wọ́n ní ó súfèé sí obìnrin òyìnbó kan ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wá gbé e lóru. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Tallahatchie.

Kóòtù yìí ni wọ́n kó Roy Bryant, ọkọ obìnrin náà, àti J. W. Milam, ọmọ ìyá rẹ̀, wá. Ọkùnrin òyìnbó 12 ló jókòó dá ẹjọ́ náà. Dúdú kankan kò lè bá wọn jókòó, torí kò sí dúdú tó lórúkọ nínú ìwé ìdìbò àgbègbè yẹn. Moses Wright, àgbàlagbà tí ọmọ náà dé sí ilé rẹ̀, dìde, ó na ìka sí Milam lójú gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ ná, dúdú na ìka sí òyìnbó ní Mississippi nígbà náà! Ìṣẹ́jú 67 péré, wọ́n ní àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1956, wọ́n gbowó lọ́wọ́ ìwé ìròyìn Look, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ni. Òfin kò sì gbà kí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n kó àwọn oníròyìn dúdú sí. Síbẹ̀, wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí.

Ojú tì mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jókòó sórí àga tó dáa ní kóòtù kan nílé. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Ojú rẹ̀ wú, ó ní wọ́n lu òun kí òun tó gbà pé òun jalè. Kí ni mo kọ? "Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì." Ó tán.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Ní Sumner, ọdún 52 ni. Lọ́dún 2007, àwọn ará àgbègbè náà, dúdú àti funfun, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí Till níwájú ilé ẹjọ́ yẹn. Wọ́n tún yàrá ìgbẹ́jọ́ ṣe bó ṣe rí gan-an lọ́dún 1955. Lọ́dún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fi ilé náà sára ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi sọrí Emmett àti ìyá rẹ̀, Mamie Till-Mobley. Wọn kò wó o, wọn kò sì fi ọ̀dà bo ìtìjú ibẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tú ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́. Orúkọ adájọ́ wà níbẹ̀. Ti ọmọ náà, n kò rí i.