Òrùlé Rìbìtì Tó Di Ẹ̀wù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró síwájú ẹ̀wù obìnrin kan. Ohun tó ń gba ojú lára rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ po. Wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n tún un ṣẹ́, títí aṣọ tó yẹ kó rọ̀ wálẹ̀ fi yọ rìbìtì, tó gbé ara rẹ̀ ró. Ẹni tó bá ti dé Istanbul rí, ní ilẹ̀ Tọ́kì, á mọ ohun tó ń wò lójú ẹsẹ̀: òrùlé mọ́sálásí ni. Kì í ṣe pé wọ́n ya mọ́sálásí sára ẹ̀wù o. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló di òrùlé.

Iṣẹ́ ilé aránṣọ Dice Kayek ni, tí Ece Ege àti Ayşe Ege, ọmọ ìyá méjì láti ìlú Bursa, dá sílẹ̀ ní 1992. Bursa kì í ṣe ìlú kékeré tó bá di ọ̀rọ̀ aṣọ, nítorí ìlú ṣẹ́dà ni láti ayé àwọn Súlútáànì Ottoman, àwọn ọba ilẹ̀ Tọ́kì àtijọ́. Istanbul Contrast ni wọ́n pe àkójọ aṣọ tí ẹ̀wù yìí wà nínú rẹ̀. Ní 2013, ó gba Jameel Prize, ẹ̀bùn £25,000 tí mùsíọ́mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ń fún oníṣẹ́ ọnà òde òní tó bá fi ọnà Ìsìláàmù ṣe orísun iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ni aránṣọ tó kọ́kọ́ gbà á.

Ó bá a mu pé mùsíọ́mù yẹn dá aránṣọ lọ́lá. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1852, torí kí oníṣẹ́ ọwọ́ lè rí iṣẹ́ rere wò, kí tiwọn náà lè dára sí i ni. Ẹni tó bá wọ gbọ̀ngàn ọnà Ìsìláàmù ibẹ̀ á bá kápẹ́ẹ̀tì Ardabil, tí wọ́n hun ní Ìráànì láàárín 1539 sí 1540. Ó gùn ju mítà 10 lọ, ó sì fẹ̀ ju mítà 5 lọ. Ìmọ́lẹ̀ máa ń mú àwọ̀ ṣá, torí náà ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fi ń tan iná sí i bí aago bá lù, àti bí ó bá di ààbọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10 yẹn, ẹni tó mú pẹ́ńsù dání kò ní lè fọwọ́ kàn án. Ojú ni yóò fi kọ́ṣẹ́. Á rí ọnà ńlá kan láàárín tó ràn bí oòrùn, tí ọnà kéékèèké 16 tó rí ṣóńṣó yí i ká. Kó wá wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọnà bẹ́ẹ̀ ló wà ní igun kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé ara aṣọ kan tó tóbi ju ilé lọ ni wọ́n ti gé kápẹ́ẹ̀tì yìí, tí ọnà rẹ̀ ṣì ń bá ìrìn lọ lẹ́yìn ògiri. Aránṣọ tó bá rí èyí ti kọ́ bí ọnà ṣe ń dé etí aṣọ láì kú síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà ní ààfin Topkapı ní Istanbul: àwọn káfútáànì ọba ló kún ibẹ̀. Bí Súlútáànì bá wàjà, wọ́n á di aṣọ rẹ̀ ní ìdì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ irinwó ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fi wà títí dòní. Ṣẹ́dà ni, òwú tí wọ́n fi fàdákà aláwọ̀ wúrà wé sì ń dán láàárín rẹ̀. Gígé wọn kò ní wàhálà: ọ̀já aṣọ gbọọrọ ni, kó lè balẹ̀ gẹrẹrẹ. Ara ọnà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni çintamani, rogodo mẹ́ta pẹ̀lú ilà méjì tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí omi. Wọ́n máa ń ṣe é tóbi, kí ẹni tó dúró lókèèrè lè rí i bí ọba bá ń kọjá. Dice Kayek mú ìwúwo àti ọlá káfútáànì yìí wọ inú aṣọ tiwọn náà.

Kóòtù kan tún wà nínú Istanbul Contrast tí wọ́n fi ọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ sí wínníwínní. Ayasofya ní Istanbul ló ń ránni létí, ilé tí wọ́n kọ́ parí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 537, tó di mọ́sálásí ní 1453. Lára ògiri ibẹ̀, ègé dígí kéékèèké tí wọ́n fi wúrà sínú ni wọ́n tò pọ̀ di àwòrán, wọn ò sì tẹ́ wọn pẹrẹsẹ bákan náà. Èyí dagun díẹ̀ síbí, ìyẹn dagun sọ́hùn-ún, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ṣeré lójú wọn bí ènìyàn bá ń rìn kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ ara kóòtù ń ṣe bákan náà, àmọ́ níhìn-ín, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń rìn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ọ̀tọ̀ ni àdàkọ, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́. Ní 1994, ilé Chanel ní Parisi gbé ẹ̀wù jáde tí wọ́n kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí láyà. Karl Lagerfeld tó yà á rò pé ewì ìfẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ inú Kùránì ni. Inú bí àwọn Mùsùlùmí káàkiri ayé, Chanel tọrọ àforíjì, wọ́n sì pa ẹ̀wù náà run. Ọnà náà rẹwà lójú Lagerfeld, ṣùgbọ́n kò bi ọnà léèrè ohun tó ń sọ kó tó gbé e wọ ènìyàn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Orúkọ ìlú Damascus ló wà lẹ́nu wa bí a bá ń pe dàmáásìkì, ọnà ọrùn agbádá wa sì bá ẹ̀wù àwọn Mùsùlùmí Haúsá àti Núpé tan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, àwòrán ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní mùsíọ́mù Victoria and Albert wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ má kàn béèrè bí ọnà ṣe rí. Ẹ béèrè ohun tó ń sọ, àti bí ẹni tó ṣe é ṣe mú un dúró. Ìdáhùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi rán aṣọ.